Orúkọ Bàbá Mi ní Ojú Ìwé Kọkànlélógójì

Ó wá dìgbà o, Bàbá mi. Ó dìgbà, Lásísì Àyìnlá, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà, Bàbá Onítáípù ti Marché Congo, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Papa Machine. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ fi wá sílẹ̀, a sì sin yín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ẹ̀rọ táípù yín ṣì wà lórí tábìlì. Àgékù ànkárá tí ẹ fi ń bò ó ṣì wà lórí rẹ̀, n kò sì tíì láyà láti ṣí i.

Wọ́n ní kí èmi Ṣàdíátù, àkọ́bí yín, kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé kékeré tí a óò pín níbi fídáù. Mo gbà. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà láàyè ni, ẹ ó kà á pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, ẹ ó sì máa béèrè nídìí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé ta ló wí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ti kọ́ mi ni màá ṣe é. Ohun tí mo fojú ara mi rí, màá ní mo rí i. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, màá dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Màmá ló sọ fún mi bí ẹ ṣe dé Douala, ìlú èbúté tí a wà yìí. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni yín, tí ẹ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá yín wá tajà aṣọ ní Marché Congo. Ẹ ti kọ́ táípù ní Ọ̀fà kí ẹ tó wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ bá níbí, ti Faransé ni, wọn kò to lẹ́tà rẹ̀ bí ti èyí tí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ẹ bá ń wá A, Q ni ìka yín ń bá pàdé. Màmá ní ẹ máa ń fi Yorùbá bú ẹ̀rọ náà, ẹ ó sì tún fi Faransé bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀yin àtòun mọwọ́ ara yín. Ẹ fi aṣọ títà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ sì gbé tábìlì kan sáàárín ìsọ̀ àwọn télọ̀ méjì.

Àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ló kọ́kọ́ ń gbé lẹ́tà wá fún yín. Lẹ́yìn wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní mémoire, ìwé náà sì ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹ mọ òfin rẹ̀ ju àwọn tó ń kọ ọ́ lọ. Ẹ mọ iye àyè tí à ń fi sílẹ̀ létí ìwé lápá òsì fún ẹni tí yóò dì í. Ẹ mọ bí a ṣe ń ka ìlà láti òkè wá, kí àyè lè ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń sọ ibi tí a ti rí ohun tí a kọ. Tépù télọ̀ lẹ fi ń wọn etí ìwé. Ẹ ní ìwé àti aṣọ, ọ̀kan náà ni wọ́n: èyí tí a kò bá fi àyè sílẹ̀ létí rẹ̀, kò síbi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Bàbá Mùfú tó ń ránṣọ lápá ọ̀tún yín ló ni tépù náà. Wọ́n sọ fún mi lánàá pé ẹ yá a lọ́jọ́ kan péré ni, pé àwọn kò sì gbà á padà mọ́.

Bí ẹ bá ti tẹ ìwé dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù, tí kò sì sí orúkọ ẹni tó ni ín níbẹ̀, ọwọ́ yín á dúró. Ẹ ó yí ojú sí akẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó gbọ́ Faransé, ẹ ó ní, “Qui a dit ça?” Bí ó bá wá láti apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó ní, “Na who talk am?” Bí ó bá jẹ́ ọmọ wa, ẹ ó ní, “Ta ló wí bẹ́ẹ̀?” Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan fara ya, tó ní onítáípù lòun wá bá, òun kò wá bá adájọ́. Ẹ ní kó jókòó, ẹ fún un lómi mu. Ẹ wá fi àyè òfìfo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, ẹ ní kó lọ wá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wá, ẹ̀yin àtòun á jọ dí i. Ọjọ́ kẹrin ló padà dé pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé náà. Ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí. Ó wá kí wa lọ́jọ́ kẹta tí ẹ lọ, orí àga tí ẹ ní kó jókòó lé nígbà náà ló jókòó sí, ó sì sunkún.

Èmi mọ ibi tí ẹ ti rí ìwà yìí. Ẹ sọ fún mi fúnra yín pé nílé kéwú lọ́mọdé, àáfà kì í gba hádíìsì lẹ́nu yín bí ẹ kò bá kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbà á lẹ́nu ara wọn. Nílé wa náà, a mọ ọ́n. Bí mo bá fi ẹnu ọmọdé pòwe nídìí oúnjẹ, tí n kò sì tọrọ gáfárà, ọwọ́ yín á dúró sójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú òkèlè, gbogbo wa á sì máa wò yín títí n ó fi ní, “Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe.” Ìgbà náà lẹ ó tó dáhùn pé, “O ó rí òmíràn pa,” òkèlè á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ ní nǹkan tí àwọn òyìnbó ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé kò ju èyí lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kí á fún un ní ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ti sọ èyí tó rọrùn. Ó ku èyí tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ọdún ìjà Bakassi ni, tí Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè tí a wà yìí ń du ilẹ̀ ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ ti ìbọn. Àwọn ará àdúgbò tí a jọ ń pọnmi tẹ́lẹ̀ wá ń kí wa ní ìdajì ẹnu. Ọmọ Nàìjíríà tó bá jáde nílé, kó má gbàgbé carte de séjour rẹ̀, ìwé ìgbélùú tí gbogbo wa ń pè ní káàtì. Ẹ wé káàtì yín sínú ọ̀rá, inú àpò àyà lẹ sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà láti Bassa lápá kejì ìlú wálé, ẹ lè mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Ẹ kì í bínú. Ẹ ní ẹni tó bá wà nílẹ̀ onílẹ̀, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni mo kọ ìwé ìwádìí tèmi. Orí àwọn Yorùbá tó ń tajà aṣọ ní Marché Congo ni mo kọ ọ́ lé. Ìtàn tó dára jù nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi: bí àwọn tó kọ́kọ́ wá ṣe gba ojú omi dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ, tí wọ́n sùn lórí ẹrù fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí kò sẹ́ni tó fún wọn níbùsùn, tí obìnrin ẹlẹ́ja kan ọmọ ẹ̀yà Duala wá yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi aṣọ kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ró o jáde, àwọn obìnrin agboolé rẹ̀ ní àwọn náà fẹ́, ọjà sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló sọ ìtàn yìí fún yín.

Mo kọ ọ́ pátá sínú ìwé mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan pé kí n sọ ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, orúkọ ọmọ Faransé kan tó kọ ìwé ńlá kan nípa èbúté ni mo kọ síbẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà ojú ìwé kan tì í. N kò tíì ṣí ìwé náà rí.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ kó o lọ fún olùkọ́ mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún kan mìíràn nìyẹn. Ẹ dé ojú ìwé kọkànlélógójì, ọwọ́ yín dúró. N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọwọ́ yín kó dúró, ṣùgbọ́n kò dúró nítorí tèmi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bọ́ awò ojú yín.

“Ṣàdíátù, ìwé yìí kò wí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.”

Ẹ ní kí n lọ ṣí ojú ìwé tí mo kọ síbẹ̀, kí n wá sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún yín. Mo lọ sí ilé ìkàwé. Àwòrán ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù sínú ọkọ̀ ojú omi ni mo bá, kò sí Yorùbá kan níbẹ̀, kò sí aṣọ. Mo padà wá, mo sì kúnlẹ̀ láàárín ìsọ̀ àwọn télọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo jẹ́wọ́ pé mo rò pé olùkọ́ kò ní ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Mo tún jẹ́wọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn, pé ẹ̀rù ń bà mí láti kọ orúkọ ọmọ Nàìjíríà sínú ìwé ìjọba nírú àkókò yẹn, kí ẹnìkan má baà fi wá yín wá.

Ẹ ní kí n dìde. Ohun tí ẹ wí lẹ́yìn náà, n kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

“Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n mú ìwé jáde kí wọ́n tó gbà pé èmi ni. Jẹ́ kí ìwé kan wà láyé tó dárúkọ mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n mú un jáde.”

Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Bí òfin ti wí, lẹ́tà ńlá ni à ń fi kọ orúkọ ìdílé. Bí àwọn tó ṣe káàtì yín ti kọ ọ́ náà lẹ ṣe kọ ọ́: LASSISSI. Lẹ́tà S ẹ̀rọ yín ti máa ń fò sókè díẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ṣubú lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni S mẹ́rin ló wà nínú orúkọ yín, ó wá dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ kọ iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọjà wa, ẹ kọ ọ́ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá yín lẹ ti gbọ́ ìtàn náà. Nígbà tó kan ọdún ìbí, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹ kọ s.d., àmì tí à ń fi sára ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìkọ ọdún sí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ̀yin náà, ìwé tí kò ní ọdún ni yín. Inú yín dùn lọ́jọ́ náà, mo rí i.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ mi ka ojú ìwé náà, ó sì mi orí. Kò le mọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ẹni kì í ṣe ẹ̀rí, àti pé ní irú àkókò tí a wà yìí, kí n má fún àwọn olùkọ́ tí yóò jókòó níwájú mi dán mi wò ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ gbá mú. Ó ní kí n yọ orúkọ náà, kí ọjọ́ ìgbèjà mi lè dára. Bàbá, mo yọ ọ́. Mo gbé ojú ìwé kan ṣoṣo náà lọ sí Bassa, níbi tí ẹ kò ti mọ onítáípù kankan, mo ní kí obìnrin onítáípù kan tún un tẹ̀. “Oníṣòwò kan ní ọjà” ló wà níbi tí orúkọ yín wà tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà kò béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé náà níwájú àwọn olùkọ́, ẹ wọ agbádá funfun, ẹ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n yìn mí. Wọ́n yin ìtàn obìnrin ẹlẹ́ja jù lọ. Nígbà tí a jáde, ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ rí ìwé náà. Ẹ kò ṣí i láti iwájú, ẹ kò ṣí i láti ẹ̀yìn, ojú ìwé kọkànlélógójì lẹ lọ tààrà. Ẹ kò tilẹ̀ kà á, ẹ kàn wò ó ni. Gbogbo S tó wà níbẹ̀ ló dúró lórí ìlà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ pa ìwé náà dé, ẹ sì dá a padà fún mi.

“O kú oríire, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó sèso.”

Ó sì sèso lóòótọ́. Ìwé yẹn ló fún mi ní iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe títí di òní. Ẹ kò fẹnu bà á mọ́ láéláé, èmi náà kò fẹnu bà á. Nígbà tí ìjà Bakassi parí, tí àwọn aládùúgbò tún ń kí wa ní kíkún, mo ní ó ti tó àkókò báyìí, ẹ̀rù ti tán. N kò sọ ọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù ló kù, ìtìjú ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi mọ̀ mí mọ́ ìbéèrè yín, wọ́n ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́, wọn kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń bi wọ́n kò tíì dáhùn tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìsìnkú, mo wá káàtì yín láti fi lọ kọ orúkọ yín sílẹ̀ ní mérì, ilé ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú. Mo bá ọ̀rá náà nínú àpò àyà agbádá yín. Káàtì wà níbẹ̀. Ìwé kan tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ti gbó níbi tí ó ti ṣẹ́. Mo ṣí i. Ojú ìwé kọkànlélógójì ni, ẹ̀dà kábọ̀n tí ẹ máa ń fi pamọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ yín, pẹ̀lú orúkọ yín ní ìsàlẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Mùfú. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, n kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn tí mo ti gboyè, ẹ̀yin méjèèjì jọ gun ọ̀kadà kan, wọ́n sì dá yín dúró kí wọ́n yẹ ìwé yín wò. Ọkùnrin tó gba káàtì yín rí ìwé yìí nínú ọ̀rá, ó ṣí i, ó kà á. Ó nàka sí ìsàlẹ̀, ó béèrè bóyá ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ dáhùn, “C'est moi. C'est ma fille qui a écrit ça.” Ẹ ní ẹ̀yin ni, ẹ ní ọmọ yín ló kọ ọ́. Ọkùnrin náà ṣẹ́ ẹ padà bó ṣe wà, ó ní kí ẹ máa lọ.

Ẹ mọ̀, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé ojú ìwé náà kò sí nínú ìwé mi, ẹ sì ní èmi ni mo kọ ọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ẹ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó kọ nǹkan nìyẹn, àṣírí mi lẹ sì fi bò. Mo sunkún dọ́ba ní ìsọ̀ Bàbá Mùfú, wọn kò sì ní kí n dákẹ́.

Mo ti wá lọ sí ilé ìkàwé tí ìwé mi wà, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà kí n lẹ ẹ̀dà ojú ìwé yín mọ́ ibi tí ó yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. A tún ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé kékeré yìí, kí gbogbo ẹni tó bá wá bá wa ṣe fídáù lè rí i, pẹ̀lú ibi tí ó ti gbó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tótó ó ṣe bí òwe, Bàbá, ẹ̀yin lẹ lòwe.

Mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn. Mo ń retí kí ẹ ní n ó rí òmíràn pa.

Ìtàn àwọn tó sùn lórí ẹrù aṣọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ibi tí mo ti rí i rèé, bí ẹ ti kọ́ mi láti máa tò ó: LASSISSI Ayinla, onítáípù, Marché Congo, Douala, s.d. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá mi ni.

Ẹ sùn re o, Lásísì Àyìnlá. Ẹ sinmi ọwọ́ yín, wọn kò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ yín mọ́.